Títà Kọ́ Ló Ba White Sox Jẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn dé ní oṣù Kìíní ọdún 2026 pé ẹgbẹ́ baseball tí à ń pè ní Chicago White Sox ti fi agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Luis Robert Jr., ránṣẹ́ sí New York Mets, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, wọn kò sì jẹ́ kí n kí wọn tán kí wọ́n tó sọ pé, “Àbúrò, wọ́n tún ti tà á.” Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “tún,” ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa, a kò sì tíì parí rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Lójú ẹ̀gbọ́n mi, ẹgbẹ́ tí ó bá ń ta àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ọdọọdún kò tún ilé kankan kọ́, ńṣe ni ó ń wó èyí tí ó kù. Lójú tèmi, àwọn ohun tí White Sox tà láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó tà dáadáa. Ibi ríra ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, nígbà tí ilé ku òrùlé nìkan tí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì fà sẹ́yìn.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, mo fa kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan jáde ní ọdún 2023, mo dojú rẹ̀ dé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀, láti orí orúkọ ẹni tí wọ́n tà dé orí orúkọ àwọn tí wọ́n gbà ní ìpààrọ̀ rẹ̀, àti láti orí àwọn yẹn dé orí àwọn tí wọ́n tún fi wọ́n gbà. Bírò pupa ni mo fi ń kọ orúkọ ẹni tí ó bá ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ìwé náà ti kún dé etí báyìí, mo sì ti lẹ abala mìíràn mọ́ ọn nísàlẹ̀.

Orúkọ Chris Sale ló wà lókè pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, White Sox fi Sale, ajubọ́ọ̀lù (ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí ó fẹ́ fi igi gbá a) tí ó dára jù lọ tí ó ní, fún Boston Red Sox, ó sì gba Yoán Moncada, Michael Kopech àti ọ̀dọ́ méjì mìíràn. Ní ọjọ́ kejì, ó fi Adam Eaton ránṣẹ́ sí Washington Nationals, ó sì gba ajubọ́ọ̀lù mẹ́ta, Lucas Giolito, Reynaldo López àti Dane Dunning. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2017, José Quintana kọjá sí ọ̀dọ̀ Cubs ní apá kejì ìlú kan náà, Eloy Jiménez àti Dylan Cease sì wà lára àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ wa. Láàárín oṣù méje péré, ẹgbẹ́ tí kò ní ọ̀dọ́ tó lórúkọ lọ títí di ẹgbẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ojú ìlara wo àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí n ka orúkọ wọ̀nyẹn tán. Wọ́n á rán mi létí pé Sale ni ó ju bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn nínú World Series, àṣekágbá gbogbo sáà, ní ọdún 2018 fún Boston, nígbà tí ó fi strikeout (bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí ẹni tó ń gbá kò rí gbá dáadáa) lé Manny Machado kúrò, àti pé Eaton wà nínú ẹgbẹ́ Washington tí ó gba ife ẹ̀yẹ kan náà ní ọdún 2019. “Àwọn tí a tà fún ni ó gba ife, ìrètí ni àwa gbà.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí pé òótọ́ ni. Síbẹ̀, White Sox tí Sale àti Eaton jọ wà nínú rẹ̀ ní ọdún 2016 borí nínú eré 78 péré, ó sì pàdánù 84. Àwọn méjèèjì kò lè dá gbé e dé ibi kankan. Boston àti Washington ní ohun gbogbo tán, ẹnì kan ló kù kí wọ́n fi kún un; ní ti Chicago, ẹnì kan ni ó wà, ohun gbogbo ló kù. Àwọn tí ipò wọn yàtọ̀ tó báyìí lè ṣe pàṣípààrọ̀ kan náà kí ó sì ṣe àwọn méjèèjì láǹfààní, èyí ni ó sì mú kí n máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ife tí ẹlòmíràn gbà kò fi hàn pé a rẹ́ wa jẹ.

Bí a bá tẹ̀lé ìlà tí mo fà, ọ̀rọ̀ náà tún hàn kedere sí i. Ẹ wo ti Eaton. Giolito di ajubọ́ọ̀lù gidi, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ó sì ju odindi eré kan tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Pittsburgh Pirates kò rí hit (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá tí ó mú wọn dé ibùdó) kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti López, tí wọ́n jọ dé láti Washington ní ọjọ́ kan náà, ni wọ́n tún jọ lọ sí Los Angeles Angels ní ọjọ́ kan náà ní oṣù Keje ọdún 2023, Edgar Quero sì wà lára ohun tí ó wọlé ní ìpààrọ̀ wọn. Dunning ti lọ sí Texas Rangers ní tirẹ̀ ní ọdún 2020, Lance Lynn ni wọ́n sì fi gbà. Nígbà tí Lynn àti Joe Kelly lọ sí Los Angeles Dodgers ní ọdún 2023, Jordan Leasure àti Nick Nastrini wà lára àwọn tí ó rọ́pò wọn. Quero, tí ó ń dúró lẹ́yìn ẹni tó ń gbá láti mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, àti Leasure, tí ó ń jùbọ́ọ̀lù ní òpin eré, ni mo fi bírò pupa kọ. Eaton tí wọ́n tà ní ọdún 2016 ṣì ní ọmọ nínú ilé.

Èyí ni mo fi máa ń sọ pé ẹni tí ó bá fún pàṣípààrọ̀ ní máàkì ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é ń yára jù. Mo mọ̀ pé inú wa kì í gbà á. A fẹ́ mọ ẹni tó jèrè ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ǹjẹ́ kí ló wá ṣẹlẹ̀ tí gbogbo ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn kò fi gbé wa dé ibi tí a fojú sí? Wọ́n gbé wa dé ìdajì ọ̀nà. White Sox wọ ìdíje ìparí sáà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù ti ń dú ife, ní ọdún 2020, Oakland sì lé e padà. Ní ọdún 2021 ó borí nínú eré 93, ó gba ipò kìíní nínú ìsọ̀rí rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2008, Houston Astros sì lù ú ní ìṣẹ́gun mẹ́ta sí ẹyọ kan. Àkókò tí ó yẹ kí wọ́n na owó ni ìgbà yẹn. Ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kì í gba owó ńlá ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́fà kí ó tó lómìnira láti lọ síbi tó wù ú, nítorí náà ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọ̀dọ́ púpọ̀ tí wọ́n mọ̀ ọ́n gbá lẹ́ẹ̀kan náà ní owó lọ́wọ́ tí ó lè fi ra àgbà méjì tàbí mẹ́ta. Ìdí tí ènìyàn fi ń fara da ọdún ìpàdánù nìyẹn.

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, Machado, ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, wà lọ́jà. White Sox gbé owó tó dájú tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 250 dọ́là fún ọdún mẹ́jọ kalẹ̀, San Diego Padres sì gbé mílíọ̀nù 300 fún ọdún mẹ́wàá kalẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ní òpin ọdún yẹn wọ́n gba Yasmani Grandal ní mílíọ̀nù 73 fún ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, wọ́n gba Andrew Benintendi ní mílíọ̀nù 75 fún ọdún márùn-ún, àdéhùn yìí ni ó sì tóbi jù lọ nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà títí di ìsinsìnyí. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní Chicago, ìlú kẹta tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, ni mo ń sọ o. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dùn mí jù kò tilẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú owó ńlá. Fún sáà ọdún 2021, nígbà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé àyè kan ṣófo ní apá ọ̀tún ẹ̀yìn pápá, tí a sì retí pé wọ́n á mú ẹni gidi wá síbẹ̀, Adam Eaton ni wọ́n mú padà wá, Eaton tí wọ́n ti tà ní ọdún 2016, ní mílíọ̀nù méje dọ́là fún ọdún kan. Nígbà tí oṣù Keje dé, wọ́n ti jẹ́ kí ó máa lọ.

Lórí kókó yìí, ẹ̀gbọ́n mi kì í bá mi jiyàn. Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní, “Ìyẹn gan-an ni mo ń wí. Àwọn kan náà ló ni ẹgbẹ́ náà.” Jerry Reinsdorf ni ó ń darí àwọn tó ni ín láti ọdún 1981. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n kéde àdéhùn kan tí ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún olówó kan, Justin Ishbia, láti gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2029 ni ó yá jù tí ìyẹn fi lè ṣẹlẹ̀. Ọmọ tí ó bá wọ líìgì ńlá ní ọdún 2025 ti ń sún mọ́ ìgbà òmìnira rẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ka ọdún wọ̀nyí fún mi lórí ìka wọn, n kò sì rí èsì tó múná fọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ó ti rí ní ọdún 2024, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ìbínú ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án, a jọ lọ wo eré White Sox àti Angels. Wọ́n ti pàdánù nínú eré 120 nígbà yẹn, iye kan náà tí New York Mets pàdánù ní ọdún 1962, ẹyọ kan ṣoṣo sì ló kù kí wọ́n di ẹgbẹ́ tí ó pàdánù jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ fìlà 2005 wọn, ti ọdún tí a gba World Series, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọn kò sì dé e mọ́ títí eré fi parí. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó ní ìlà iwájú wa, ó ń fi pẹ́ńsù kọ gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sínú ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká. Àwọn èrò ń pariwo pé kí olówó ta ẹgbẹ́ náà. Ìyá yìí kò gbójú sókè, ó ń kọ tirẹ̀ lọ. Angels ti fi ayò méjì ṣíwájú. Ní ìpele kẹjọ, White Sox gba mẹ́ta wọlé, Benintendi ni ó sì gbá bọ́ọ̀lù tí ó mú wọn ṣíwájú. Ìyá náà fi pẹ́ńsù tẹ àyè kékeré yẹn lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ó fẹ́ kí ó hàn dáadáa. Wọ́n borí ní 3 sí 2. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pàdánù ìkọkànlélọ́gọ́fà ní Detroit. Eré 41 ni wọ́n borí ní gbogbo sáà náà.

Ìpàdánù tó bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ mú èrè tí ó tọ́ sí i wá. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹgbẹ́ tó bá burú jù lọ ni ó ń kọ́kọ́ yan ọ̀dọ́ nínú draft. Láti ìgbà àdéhùn ọdún 2022, lọ́tìrì ni wọ́n fi ń pín ipò mẹ́fà àkọ́kọ́, òfin sì wà pé ẹgbẹ́ tí kò bá gba owó ìrànlọ́wọ́ láti inú àpò líìgì kò lè jẹ nínú lọ́tìrì náà ní ọdún méjì léra. White Sox ti jẹ nínú rẹ̀ ní ọdún 2024, nítorí náà, lẹ́yìn ìpàdánù 121, ipò kẹwàá ni wọ́n ti yan ní ọdún 2025. Ní ọdún yẹn wọ́n tún pàdánù nínú eré 102, ṣùgbọ́n lọ́tìrì oṣù Kejìlá fún wọn ní ipò kìíní fún ọdún 2026. Mo fara mọ́ òfin náà, bí ó tilẹ̀ ta wá lára, nítorí pé kò yẹ kí ẹgbẹ́ ìlú ńlá máa fi ìpàdánù ṣe òwò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí Robert, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti jọ pàdánù nǹkan. Èmi pàápàá kò sọ pé wọ́n tà á dáadáa. Ní ọdún 2023, ó gbá home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá tí ó fò kọjá ògiri pápá) 38, ara rẹ̀ le, àdéhùn rẹ̀ sì lè dé òpin ọdún 2027. Ìgbà yẹn ni ó tó tà. Lẹ́yìn náà ni ìpalára ń tẹ̀lé ìpalára, tí iye rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ ní ọdọọdún, títí ó fi jẹ́ pé Luisangel Acuña àti ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù kan, Truman Pauley, ni wọ́n rí gbà, tí Mets sì gba ẹrù owó oṣù rẹ̀, mílíọ̀nù 20 dọ́là. Ẹ fi wé ti ajubọ́ọ̀lù wọn, Garrett Crochet. Ní ọdún 2024 Crochet lé agbábọ́ọ̀lù 209 kúrò ní strikeout, ó sì ku ọdún méjì lábẹ́ àṣẹ White Sox. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n fi í fún Boston, wọ́n sì gba Kyle Teel, Braden Montgomery, Chase Meidroth àti Wikelman González. Crochet ṣe bẹbẹ ní Boston, strikeout 255 ni ó ní ní ọdún 2025, wọ́n sì fún un ní mílíọ̀nù 170 fún ọdún mẹ́fà. Síbẹ̀, Teel àti Meidroth ti wọ líìgì ńlá ní ọdún 2025 kan náà, wọ́n sì gbá dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò pé Chicago tí kò tíì san tó bẹ́ẹ̀ rí ì bá san mílíọ̀nù 170 fún ajubọ́ọ̀lù kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín títà méjèèjì kò ju ọ̀rọ̀ àkókò lọ. Crochet lọ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ ẹ. Robert lọ nígbà tí ó ti rẹ àwọn olùrà láti máa dúró.

Nǹkan kékeré wà tí mo fẹ́ràn ju pàṣípààrọ̀ ńlá lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nínú Rule 5, níbi tí ẹgbẹ́ ti lè fi 100,000 dọ́là mú ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ mìíràn kò dáàbò bò, White Sox ni ó kọ́kọ́ yàn, ó sì mú Shane Smith láti ọ̀dọ̀ Milwaukee Brewers. Kò sí ẹni tó yan Smith nínú draft nígbà tó kúrò ní yunifásítì. Òfin Rule 5 ni pé ẹni tí o bá mú gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ńlá rẹ ní gbogbo sáà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ó fi í lọ àwọn yòókù, bí wọn kò bá mú un, o ó dá a padà síbi tó ti wá. Ẹgbẹ́ tó ń lépa ife kì í ní àyè bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ kọ́ ní i. Ní ọdún 2025, Smith lọ sí eré All-Star, eré àwọn tí wọ́n yàn pé wọ́n ta yọ jù ní sáà náà. Bákan náà ni wọ́n ṣe pẹ̀lú Erick Fedde, tí wọ́n gbà láti Kòríà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là fún ọdún méjì, tí òun, Kopech àti Tommy Pham sì lọ nínú pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́ta ní oṣù Keje ọdún 2024, tí Miguel Vargas àti ọ̀dọ́ méjì mìíràn fi wọlé. Orúkọ Vargas pupa lórí kàlẹ́ńdà mi, ìlà rẹ̀ sì padà lọ bá Sale.

Munetaka Murakami ni ó wá mú kí ohùn ẹ̀gbọ́n mi yí padà díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, White Sox fún un ní mílíọ̀nù 34 dọ́là fún ọdún méjì. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Ní ọdún 2022 ó gbá home run 56 ní Japan fún Yakult Swallows, iye tí ọmọ Japan kankan kò gbá rí nínú sáà kan níbẹ̀. Ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi fà sẹ́yìn ni pé ó máa ń gbá afẹ́fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé bọ́ọ̀lù tó yá ní Amẹ́ríkà yóò mú kí ó burú sí i. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Àmọ́ níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè fara da oṣù méjì tí kò bá rí hit, White Sox lè jẹ́ kí ó máa gbá lójoojúmọ́ pẹ̀lú Colson Montgomery, tí ó gbá home run 21 nínú eré 71 péré ní ọdún 2025, pẹ̀lú Teel àti Quero.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún méjì kéré. Wọ́n ní bí ọmọ náà bá gbá dáadáa, oṣù Keje ọdún 2027 ni wọ́n máa tà á, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá gbá dáadáa, tí àwọn ọmọ yòókù náà sì gbá dáadáa, kí wọ́n san owó rẹ̀ ni a ó máa bèèrè.” Wọ́n bi mí pé èèló. Mo ní kí ó kọ́kọ́ ju mílíọ̀nù 75 lọ ná. Wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní alẹ́ náà, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì kọ ọjọ́ sí i. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ orúkọ Murakami pẹ̀lú bírò dúdú, mo sì ka á sí wọn létí kí a tó dágbére fún ara wa.